Ẹṣin Tí Kò Lè Dá Jẹun

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju ikùn ẹṣin lọ, ọ̀dọ̀ bàbá tó bí bàbá mi ni mo ń gbé ní Ayétòrò, iṣẹ́ tí Bàbá sì ń ṣe ni ìtọ́jú ẹṣin. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fọwọ́ ti orúnkún kí ẹ tó dìde lórí àpótí, ẹ ó rántí ayé ìgbà yẹn. Ọ̀kadà kò tíì gba ojú ọ̀nà. Bí ọdún Iléyá bá dé, àwọn àgbààgbà tó rí ṣe a gun ẹṣin lọ sí Yídì láti kírun, àwa ọmọdé a sì máa sá tẹ̀lé wọn nínú eruku, a ó máa pariwo bí ẹni pé àwa la ni ẹṣin. Ní ti tèmi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ni ín lóòótọ́, nítorí èmi ni mo ń kó ìgbẹ́ rẹ̀.

Ẹṣin méjì ló wà ní àgbàlá wa, ti Àláájì sì ni méjèèjì. Àláájì yìí ni àbúrò Bàbá. Ó ń ra kòkó àti ẹ̀kùrọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, owó sì ti kọ́ ọ láti máa sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n. Ẹṣin àkọ́kọ́ funfun, ó ti darúgbó, Àgbà lásán là ń pè é. Èkejì pupa rúsúrúsú, Pàrákú ni orúkọ tiẹ̀, nítorí pé Pàrákú lókè lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Faransé tó wà lódìkejì bọ́dà, ni wọ́n ti rà á wá. Agbègbè wa kì í ṣe ibi tí ẹṣin ti ń gbádùn ara rẹ̀. Irù, ìyẹn eṣinṣin ńlá tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, pọ̀ nínú igbó wa bí iyanrìn. Ẹṣin tí kò bá rí ẹni tó mọ ewé, kò ní í pẹ́ kú. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi dà bí nọ́ọ̀sì. Ó jí, ẹṣin ni. Ó fẹ́ sùn, ẹṣin ni. Mo máa ń rò ó pé bí Ọlọ́run bá fún mi ní ìrù lẹ́yìn ni, bóyá Bàbá ì bá tètè máa rí mi.

Iṣẹ́ tèmi ni ewé. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, màá ti já dóńgóyárò kún agbọ̀n. Bàbá á sè é títí omi rẹ̀ yóò fi dúdú, ó sì korò débi pé bí ó bá ta sí ọ létè láàárọ̀, oúnjẹ ọ̀sán rẹ bàjẹ́ nìyẹn. Omi náà la fi ń wẹ àwọn ẹṣin kí eégbọn má baà lẹ̀ mọ́ wọn. Lẹ́yìn ìwẹ̀, a ó kó èèpo ọsàn gbígbẹ àti ewé dóńgóyárò sórí iná nínú àpáàdì, a ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹṣin kó máa rú èéfín, irù á sì gba ilé ẹlòmíràn lọ. Ewúro ni Bàbá ń fún sí omi fún aràn inú. Bí ikùn ẹṣin bá wú, kán-ún díẹ̀ ni, pẹ̀lú atalẹ̀ tí a gún. Efinrin ní tirẹ̀, a ó fọwọ́ ra á, a ó gbé e sí ẹṣin nímú, bí ó bá ń ṣe bí ẹni tí oúnjẹ kò wù. Òrí wà fún pátákò kó má baà là. Bí Bàbá bá ń fi òrí pa pátákò ẹṣin, jẹ́jẹ́ ló ń ṣe é, bí ẹni tó ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun. Bí ọyẹ́ bá wá la gìgísẹ̀ tèmi, tí mo fi hàn án, á ní kí n lọ fi omi ṣan án.

Àmọ́ òdúndún ni ewé tí mo fẹ́ràn jù. Ó hù lẹ́yìn ilé ẹṣin, ní ìdí ibùjẹ ògbólógbòó kan tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, èyí tó ti là sí méjì. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú títí tí ilẹ̀ ń jó ni lẹ́sẹ̀, ewé òdúndún á tutù lọ́wọ́ rẹ bí etí ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Bàbá ní ewé tí a fi ń tu orí nìyẹn, òun àti rinrin. Ẹṣin tí inú bá ń bí, tó ń tàpá, tó ń gé ènìyàn jẹ, orí rẹ̀ ló gbóná, òdúndún ni yóò tu ú.

Gbogbo ewé wọ̀nyí àti ìgbẹ́ ẹṣin, ẹ bá mi rò ó bí mo ṣe ń rùn. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò tó ń ṣeré tẹ́ǹtẹ́n, bí wọ́n bá rí mi lókèèrè, wọ́n á ní Ìyàwó Ẹṣin ń bọ̀. Èmi náà kì í dákẹ́. Mo ní ó sàn kí n fẹ́ ẹṣin ju kí n fẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn tó ń tọ̀ sórí ẹní. Òótọ́ ni mo sọ, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, ẹní náà wà lórí ògiri láràárọ̀ tí wọ́n ń sá a. Ṣùgbọ́n ẹ wo èrè ẹnu mi. Mo borí nínú ọ̀rọ̀, mo padà sílé, kò sí ẹni tí màá bá ṣeré. Màá wá fi igi ya súwè sílẹ̀ níwájú ilé ẹṣin, màá máa fò ó ní èmi nìkan, Àgbà àti Pàrákú á na ọrùn jáde, wọ́n á máa wò mí. Bí mo bá tẹ ìlà, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé mo tẹ̀ ẹ́. Eré tí o kò ti lè rẹ́ni fẹ̀sùn kàn ọ́, kò dùn rárá.

Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ìyá mi lọ fẹ́ ọkọ mìíràn ní Kétu, ní òdìkejì bọ́dà. Kétu kò jìnnà, ẹni tó bá jáde láàárọ̀ lè jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ìyá rẹ ń bọ̀. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe máa ń sọ pé òjò ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà nìyẹn, wọ́n á wo ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì bọ́ sídìí iṣẹ́ wọn.

Ìyàwó àgbà Àláájì, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ló ń gbọ́únjẹ fún agboolé. Ọwọ́ rẹ̀ dùn. Láfún rẹ̀ máa ń funfun, ó máa ń fẹ́lẹ́, ọbẹ̀ ilá rẹ̀ á fà bí òwú. Àmọ́ ní agboolé tiwa, oníkálukú ló ń gba àwo tirẹ̀ lọ sí igun tirẹ̀. Àláájì a jẹ tiẹ̀ ní pálọ̀, Bàbá a ti ìlẹ̀kùn yàrá mọ́rí jẹ tiẹ̀, àwọn ọmọ Àláájì a jẹ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wọn. Tèmi ń bẹ lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ògiri ti sán. Mo mọ ojú ìsán ògiri yẹn ju bí mo ṣe mọ ojú ìyá mi lọ. Ó dà bí odò tó ní ẹ̀ka mẹ́ta. Òun ni mo ń kọjú sí jẹun.

Òjò ọdún kan ló wá dà wá rú. Irù pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, èéfín Bàbá kò ká wọn mọ́, Àgbà dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. A gbé e lọ sin. Láti ọjọ́ náà ni Pàrákú ti yí padà. Á yán títí, á dákẹ́ láti gbọ́ bóyá nǹkan kan á dá a lóhùn, á tún yán. Ó ta ìlẹ̀kùn nípàá títí igi ìdábùú fi ṣẹ́. Kò jẹun. Ní ọjọ́ tí Àláájì wá bẹ̀ ẹ́ wò, ẹṣin na ọrùn, ó ṣí fìlà lórí rẹ̀, ó sì rún un lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ ní odidi ọ̀sẹ̀ yẹn nìyẹn. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí Àláájì kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi o. Bí ẹṣin yìí kò bá mọ ara rẹ̀ kí Iléyá tó dé, ẹni tó ta á fún wa yóò wá fà á padà. N kò ní í gun wèrè lọ sí Yídì.”

Ohun tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yẹn yé gbogbo wa. Bí kò bá sí ẹṣin mọ́, kò sí ohun tí Bàbá ń dúró ṣe ní Ayétòrò. Yóò padà sí oko rẹ̀ níhà Ìlárá. Èmi, wọ́n á mú mi lọ sí Ìlaròó, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó jẹ́ ẹbí wa. Obìnrin náà ti wá wò mí rí. Ó yẹ ọwọ́ mi wò níwájú àti lẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu, ó ní wọ́n lágbára. Kò bi mí ní orúkọ mi.

Ni Bàbá bá kó sínú ewé. Òdúndún, rinrin, tẹ̀tẹ̀, gbogbo ewé tó tutù ni mo já. Ó gbo wọ́n sínú omi, ó fi omi náà wẹ orí Pàrákú láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó sì po gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀ẹ̀rí ògì pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ó dà á sí ibùjẹ. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, ó ní kí a wá omi ìgbín, pé kò sí ohun tó tu orí tó o. Àláájì ní kí ìgbín má fara kan ẹran tí yóò gbé òun lọ kírun. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní orí ẹṣin lòun fẹ́ fi pa, kì í ṣe ti Àláájì, àmọ́ bí Àláájì bá rí i pé tòun náà nílò díẹ̀, kó sọ̀rọ̀. Màmá Àgbà yára wọ ilé ìdáná lọ. Mo gbọ́ bí ìkòkò ṣe ń gbọ̀n níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìṣòro kan wà tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ní agboolé wa, a kì í wo ẹran tó ń jẹ oògùn. Ọ̀dọ̀ bàbá tó bí Bàbá ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ojú ènìyàn ń wúwo lórí ewé, kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí o bá ti gbé oògùn síwájú ẹran, kí o kẹ̀yìn sí i, kí o jáde, kí o ti ìlẹ̀kùn. Adìyẹ pàápàá, bí a bá fún un ní omi ata nígbà àìsàn, a ó kẹ̀yìn sí i, adìyẹ náà á sì lo àkókò yẹn láti sá wọ inú igbó lọ. Nítorí náà, bí ara Pàrákú kò ṣe ń yá sí i ni oògùn ń pọ̀ sí i, bí oògùn sì ṣe ń pọ̀ sí i ni a túbọ̀ ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Láràárọ̀, èmi ni mo ń kó oúnjẹ tí kò fọwọ́ kàn kúrò, tí ewé inú rẹ̀ ti dúdú. Ewúrẹ́ Màmá Àgbà ló ń jẹ ẹ́. A kò rí ewúrẹ́ tó ní ìwà tútù bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọdé lè fà á ní irùngbọ̀n, kò ní í sọ nǹkan kan.

Egungun ìhà Pàrákú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Iléyá ń súnmọ́lé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo rí Bàbá tó na ọwọ́ sí àjà, ó yọ ọkọ́ rẹ̀ tó ti dípẹtà, ó jókòó, ó ń fi òkúta pọ́n ọn. Kò wojú mi. Mo wọlé, mo ká aṣọ mi sínú àpò láfún. Kò kún un. Mo fi ìyarun lé e, síbẹ̀ kò kún un.

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, gbogbo agboolé ti lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn, Bàbá náà lọ wá kán-ún. Màmá Àgbà ti bu láfún tèmi sílẹ̀ kó tó lọ. Òjò dé lójijì, ó ń jò sí ibi tí mo ti ń jẹun lẹ́yìn ilé ìdáná, omi ń ṣàn lórí odò ẹlẹ́ka mẹ́ta mi. Mo gbé àwo mi, n kò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e lọ. Yàrá Bàbá tì. Pálọ̀ Àláájì, ta ni mí? Mo bá wọ ilé ẹṣin. Mo mọ òfin ilé. Mo wí fún ara mi pé n kò wá wo ẹṣin, oúnjẹ mi ni mo wá wò.

Mo jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Pàrákú kọjú sí ògiri, gẹ́gẹ́ bí ìṣe èmi náà. Òórùn ilé náà jẹ́ ti èéfín èèpo ọsàn, àti ti koríko tútù, àti ti òun fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo mọ ọbẹ̀ ilá í fà lẹ́nu, Màmá Àgbà sì ti gbá mi létí títí lórí ariwo tí mo ń pa bí mo bá ń jẹ ẹ́. Nítorí kò sí nílé, mo pariwo náà dáadáa. Etí Pàrákú kan yí. Èkejì yí. Nígbà tó yá, odidi ẹṣin yí padà, ó rìn wá, ó ti imú bọ inú ọbẹ̀ mi. Ilá lẹ̀ mọ́ ọn létè, ó sín, ó sín sí mi lójú. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ sí ibùjẹ tirẹ̀, ó tẹ orí, ó sì jẹ ẹ̀ẹ̀rí olódùúndún Bàbá. Mo dẹ́kun jíjẹ kí n lè wò ó. Òun náà gbé orí sókè, ó dúró, ó ń wò mí. Mo bu òkèlè, ó bu tirẹ̀. Mo dúró, ó dúró. Báyìí la ṣe jẹ ẹ́ títí tí àwo mi àti ibùjẹ rẹ̀ fi mọ́.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, mo yọ́ gbé àwo mi lọ, àti ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Bàbá rí i pé ibùjẹ ń mọ́, ó ní ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ó sì fi kún un. Ara ẹṣin ń dán bọ̀, gọ̀gọ̀ rẹ̀ ń sùn sọ́rùn. Àfi ọ̀sán ọjọ́ tí mo gbójú sókè tí mo rí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ìyà tó tọ́ sí mi. Bàbá kì í nani, ṣùgbọ́n á ní kí o kúnlẹ̀ nínú oòrùn, kí o gbé apá sókè, títí tí òun yóò fi rántí rẹ, kì í sì í tètè rántí. Mo gbé àwo sílẹ̀, mo ti ń wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí màá kúnlẹ̀ sí. Bàbá wo ẹnu ẹṣin tí omi ewé ti sọ di àwọ̀ ewé. Ó wo ibùjẹ. Ó wo àwo mi. Ó pẹ́ lórí àwo náà.

Ó ní, “Síkírá, jẹun. Má jẹ́ kí ọbẹ̀ rẹ tutù.”

Ó jáde lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbé àwo tirẹ̀ wá. Ó ní ooru pọ̀ nínú yàrá òun. Amọ̀ tó nípọn ni wọ́n fi mọ yàrá Bàbá, ibi tó tutù jù ní gbogbo agboolé nìyẹn, ṣùgbọ́n n kò jiyàn. Ó jókòó sórí ìdì koríko, ó kọjú sí ẹṣin tó ń jẹ oògùn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹun. Bàbá náà ń pariwo ọbẹ̀ ilá, ó tilẹ̀ ń pariwo jù mí lọ.

Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀, Àláájì dé pẹ̀lú ọkùnrin tó ta Pàrákú fún wa, ará òdìkejì bọ́dà, ẹni tó ń ra ẹṣin tà. Okùn ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó ṣí ẹnu Pàrákú, ó ka eyín, ó gbé pátákò, ó fọwọ́ pa ìhà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ pé “bọ̀n, bọ̀n” sí, ìyẹn “ó dára” lédè Faransé. Pàrákú dúró bí ẹni tí wọ́n ń wọn aṣọ fún. Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Èmi tí mo ti ń tajà láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa báyìí, pé ọjà tí o bá fẹ́ rà, má rẹ́rìn-ín sí i. Bí Àláájì ṣe rí i pé ẹlòmíràn fẹ́ ẹṣin náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ta ló sọ pé òun ń tà á.

Nígbà tí onítọ̀hún ti bínú lọ, Àláájì bi Bàbá ohun tó lò. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, “Òdúndún ni.”

Irọ́ kọ́, òdúndún wà níbẹ̀. Mo sì mọ̀ nísinsìnyí pé kò lè dúró níwájú àbúrò rẹ̀ kó sọ pé òfin tí bàbá wọn fi lélẹ̀ ló ń pa ẹṣin. Ṣùgbọ́n nígbà náà, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo jókòó ti ìsán ògiri mi, inú mi dùn pé n kò lọ sí Ìlaròó, síbẹ̀ mo ń fi èékánná họ ògiri náà. Kò pẹ́ tí ìròyìn kárí ìlú. Àwọn ìyàwó ń wá já òdúndún fún ọkọ oníbìínú, àwọn ọkọ ń gba ẹ̀yìnkùlé wá já a fún ìyàwó. Wọ́n já a títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò sí ẹni tó bèèrè bóyá ẹnìkan ń bá ẹṣin jókòó.

Ní ọjọ́ Iléyá, Pàrákú gbé Àláájì lọ sí Yídì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, aṣọ pupa lórí gàárì, gbogbo ènìyàn ń yẹ́ Àláájì sí. Ìyá mi kò wá. Ó fi búrẹ́dì gígùn ilẹ̀ Faransé rán oníṣòwò kan sí mi, búrẹ́dì náà ti le bí igi kó tó dọ́wọ́ mi. Mo gbé e lọ sílé ẹṣin. Mo ṣẹ́ ẹ sí méjì, mo fún Pàrákú ní ìdajì. Ilẹ̀ kan náà ni òun àti búrẹ́dì ti wá, mo rò pé bóyá yóò mọ̀ ọ́n. Ó jẹ ẹ́ tán.

Pàrákú pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà tó kú, Bàbá náà kò pẹ́ tẹ̀lé e. Lónìí, mọ́tò ni wọ́n ń gbé lọ sí Yídì. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ènìyàn joyè, tírélà ni yóò gbé ẹṣin wá, wọ́n á ya fọ́tò, tírélà á gbé e padà. Àwọn ọmọ á dúró sẹ́yìn ẹṣin gan-an pẹ̀lú fóònù, wọn kò mọ ibi tí ìpá ń gbà jáde. Ẹṣin tó bá ń ṣàìsàn, àwọn dókítà ẹran wà tí yóò fún un lábẹ́rẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti tọ́ omi dóńgóyárò wò rí kò ní í bá wọn jà. Èmi ń ta kán-ún, aáyù àti òrí ní Ọjà-Ọ̀dàn. Àwọn ọmọge ń ra òrí fún ojú wọn kó lè máa dán. Mo máa ń sọ fún wọn pé pátákò la fi ń pa nígbà tèmi, pé bó bá ti dán pátákò, yóò dán tiwọn náà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún rà sí i.

Àwọn ọmọ mi ti lọ, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan lókè òkun. Wọ́n ń pè. Wọ́n á ní, “Màámi, ṣé ẹ ti jẹun?” Mo máa ń ní mo ti jẹ. Ìbéèrè náà kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ilé ẹṣin wà ti di ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí de èrò. Wọn kò gbé ibùjẹ òkúta yẹn kúrò, ó wúwo jù, òdúndún sì ti bò ó. Bí ọjà kò bá sí, mo máa ń gbé àwo mi lọ jókòó níbẹ̀ ní ọ̀sán. Wọ́n rò pé mo ń ṣọ́ ilẹ̀ ẹbí. Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, ọlọ́kadà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó jókòó lórí máṣíìnì rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà nínú ọ̀rá. Mo wò ó títí. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, gbé oúnjẹ rẹ wá síbí.” Ó wò mí bí ẹni tó ń wo arúgbó tí orí rẹ̀ ti ń gbóná. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé rere ni, ó dìde, ó wá jókòó sí etí òkúta. A bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo bu òkèlè, ó gé búrẹ́dì.

A kò tíì jẹ jìnnà nígbà tí èrò kan pè é láti títì. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, “Màmá, mò ń bọ̀,” ó tẹ máṣíìnì rẹ̀, ó lọ. Eṣinṣin ti ń bọ̀ lórí búrẹ́dì tó fi sílẹ̀. Mo já ewé òdúndún, mo fi bò ó. Mo sì dẹwọ́ nínú oúnjẹ tèmi, kí n má baà jẹ tán kó tó dé.